Ìlérí Mẹ́ta Lórí Ọmọ Kan

Ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún Felicia Ọláfimíhàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ló fẹ́ fi wọ́n rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rù ni àrùn rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Inísà, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn. Kò sí ọmọ tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé Jésù nìkan ni ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ Baba. Ẹnu rẹ̀ gbà á. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á.

Ìrètí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ láìlóyún. Kò sí ohun tí Felicia ń fẹ́ láyé ju pé kó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ. Ó ti ra ọ̀já tuntun sílẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, ó ṣèlérí pé bí ọmọ bá dé, ti Jésù ni. Ọdún yí po, kò rí nǹkan. Ni ẹ̀rù bá bà á. Ó da hìjáàbù borí, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun lọ́dọ̀ àáfà àgbà kan. Ó ní Mùsùlùmí lòun, Fàtímọ̀ lorúkọ òun, ó júwe ilé rẹ̀ ní Inísà fún un, ó sì ní àáfà náà ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Kí oṣù náà tó parí, ó tún gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń bọ odò Ọ̀tìn. Ó ṣèlérí níbẹ̀ pé ọmọ Ọ̀tìn lọmọ náà yóò jẹ́, pé omi odò ni wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Lọ́jọ́ tí Ìrètí wá kí i, ó bá hìjáàbù nínú báàgì ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló ni eléyìí?"

"Ṣáà dákẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀nà kan ló wà?"

"Ti ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọmọ ni mò ń wá."

Lóòótọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó tọ ọ̀nà mẹ́ta dé ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Oyún dé, Ìrètí sì bí ọmọkùnrin sí ilé ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni Felicia fi yọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó: nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló fún un lọ́mọ? Bó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, ṣé àwọn méjì tó kù kò ní bínú? Ọmọ sín, àyà rẹ̀ já. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara ọmọ gbóná. Nọ́ọ̀sì fún wọn lóògùn, ara ọmọ sì tutù, ṣùgbọ́n ọkàn Felicia ò tutù. Kò rí ẹni tó lè bi léèrè èwo nínú wọn ló ń bínú.

Ó wá pinnu pé òun ò ní ránṣẹ́ sí Ìkìrun, òun ò sì ní ránṣẹ́ sí Òkukù. Ó gbàgbé pé ẹni tó bá ti gbọ́ ọjọ́ ìbí ti mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn ọlọ́jà ti gbé ìròyìn náà dé ìlú méjèèjì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Pásítọ̀ Ọlọ́rundáre ti ìjọ wọn gbé ọmọ lọ́wọ́, iyọ̀ àti oyin wà lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni àáfà wọlé.

"Àsàláàmù aléékùm. Ìyá Fàtímọ̀, ẹ kú ewu ọmọ. A dé o."

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ìyá Òkukù yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ru kèrègbè omi. "Ẹ gbé ọmọ Ọ̀tìn wá o, kí n wẹ̀ ẹ́."

Àáfà wo àgbélébùú tó wà lára ògiri.

"Ìyá, Kìrìsìtẹ́nì ni yín? Ẹ tàn mí. Ẹ̀sìn tèmi ò gba àdàlù."

"Tèmi náà ò gbà á," ni ìyá arúgbó wí. "Ìwọ lo wá bá mi, Felicia. Mi ò wá ọ wá."

Wọ́n kí Pásítọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹni mẹ́ta ló mọ ibi tí wọ́n dúró sí nílé náà lọ́jọ́ yẹn, onílé nìkan ni kò mọ̀.

Olúwajùwọ́nlọ, ọkọ Ìrètí, gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Pásítọ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mi ò mọ ẹni tí ẹ ó tún fi ọmọ mi ṣèlérí fún."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n kó lọ sí ilé wọn ní Òṣogbo. Felicia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọ̀já sí wọn.

"Ìrètí, jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìrètí ń sunkún. "Mọ́mì, ẹ̀yin gan-an lẹ̀rù ń bà mí báyìí."

Wọ́n sọ pé ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, mẹ́ta ni Felicia lé. Ìjọ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pásítọ̀ ní kó padà sọ́dọ̀ Jésù, pé Jésù kò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúnlẹ̀, á rántí Ìkìrun, á rántí Òkukù, á sì dìde láìṣe àmín. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á rò pé ọ̀kan nínú wọn ló wá gbẹ̀san. Ọ̀já náà ṣì wà nínú àpótí, ẹ̀yìn ọmọ kan ò kàn án rí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ Felicia kọ́gbọ́n. Àwa àti Mùsùlùmí jọ ń gbé agbo ilé kan, a ń jẹ ẹran Iléyá wọn, àwọn náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa. Kò yẹ ká bú wọn, kò sì yẹ ká parọ́ fún wọn. Ẹni tó bá ní Jésù ni ọ̀nà, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀ ọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá pẹ́, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni ìgbàgbọ́ wúlò. Ẹni tó bá sá lọ sí ibi gbogbo nítorí ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà ni yóò bá a délé.