Ẹ̀rọ Kì í Parọ́

Ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo ló kù kí Tanis Boychuk tó lè ṣe ìdánwò àṣekágbá: ti Verna Friesen, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Saskatoon. Bí Verna bá kọ̀, ọdún méjì wọmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀sán ti pọ́n kí Verna tó dé. Ó ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín lòun ti ń bọ̀. Ó dúró mí díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

“Bàbá, ṣé ẹ ò mu kọfí látàná, bí àyẹ̀wò yìí ṣe gbà?” Tanis bi àgbẹ̀ arúgbó kan tó wá ṣàyẹ̀wò ọkàn.

“Kọfí kẹ̀? Ìyàwó mi ti gbé e pamọ́, kí n má baà jí i bù mu!”

Tanis rẹ́rìn-ín. Ó gún un lábẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra títí di ọjọ́ kejì, torí ìtànṣán oògùn náà á ṣì máa jáde lára rẹ̀.

Nígbà tí bàbá jáde, Verna gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán tó bá dà sílẹ̀. Bó ṣe nà án sí Tanis, ẹ̀rọ náà figbe ta.

“Ọ̀gá, ẹ ò kọ́kọ́ tàn án wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná, níbi tí ìtànṣán ò sí...”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? O ti da oògùn sára! Ẹ̀rọ kì í parọ́.”

Tanis fọwọ́. Ẹ̀rọ ké. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, Verna kó wọn sínú àpótí òjé tí ìtànṣán kì í gbà kọjá, ó tì í pa. Ẹ̀rọ ṣì ń ké. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lójú ihò ìbọ̀sẹ̀. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa á.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ ibi tó ti dà.”

“Ìyẹn gan-an ló burú! Kọfí ò tíì kan ẹnu mi látàná, má tún dá kún un fún mi. Máa lọ sílé. Mi ò lè fọwọ́ síwèé irú ẹ.”

Tanis ki ẹsẹ̀ bọ búùtù òtútù rẹ̀, ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ìta kó tó rántí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dorí kodò, ó padà.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń ké nínú yàrá tí Verna nìkan wà, obìnrin náà sì ń rọra yí ojú ẹ̀rọ sí àyà ara rẹ̀, igbe ẹ̀rọ ń le sí i.