Ilẹ̀kùn Tí Wẹ́dà Kánjú Jó fún Ilé Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé.

1. Wẹ́dà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-yá. Tó bá ń ṣe ilẹ̀kùn irin fún oníbàárà, á fi kíláǹpù di irin pẹlẹbẹ rẹ̀ mọ́ tábìlì, á jó díẹ̀ lọ́tùn-ún, á jó díẹ̀ lósì, á sì jẹ́ kó tutù kó tó tú u. Ó mọ̀ pé iná máa ń fa irin, pé ibi tí iná bá ti pọ̀ jù ni irin máa wọ́ sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná tirẹ̀, ó jó ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè dé ilẹ̀ láìsinmi, ó sì tú u kíá.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ ò ní jẹ́ kó tutù ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ta ló fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò? Tilé ni, jàre."

2. Ilẹ̀kùn wọ́. Ó fi òòlù lù ú títí tó fi wọ inú férémù. Láti ìgbà náà, èjìká ni wọ́n fi ń tì í.

"Ilẹ̀kùn yìí ń bà mí lẹ́rù o," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ni kì í bà ọ́ lẹ́rù? Aláǹgbá gan-an ń bà ọ́ lẹ́rù."

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó gbé omi kaná, ó sáré jáde lọ ká aṣọ. Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn dé. Ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wà nínú ilé ìdáná. Ìyá tì í, kò mira. Ó sáré lọ sójú fèrèsé, àmọ́ irin ló wà níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ló gbà. Ó ń wo ọmọ, ó ń wo omi tó ń hó.

"Ọmọ mi, dúró síbẹ̀. Ṣáà máa wo mọ́mì."

Ọwọ́-yá gbọ́ igbe rẹ̀, ó gbé iná ìjórin rẹ̀ dé kó fi gé ilẹ̀kùn. Ìyàwó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an lọmọ dúró sí. Ẹ ó jó o mọ́ ibẹ̀."

Bíríkìlà tó ń gbé lódìkejì ló wá ń wó ògiri ilé ìdáná. Ariwo náà dẹ́rù ba ọmọ, ó sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó sì fa ìkòkò.

4. Wọ́n gba ojú ògiri tó wó wọlé, wọ́n gbé ọmọ jáde. Ó yè, ṣùgbọ́n omi gbígbóná bó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, oníbàárà kan dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, ó ń fọwọ́ tọ ibi tó wọ́.

"Ọ̀gá, ṣé báyìí náà lẹ ṣe tèmi?"

"Rárá o. Tiyín dára."

"Ẹ wá bá mi yọ ọ́. Èmi náà bímọ."

Àwọn oníbàárà yòókù gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún gbé irin wá fún un mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jó irin, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó tú u, pàápàá ti ilé yín. Ẹ̀yin ìyá, tí ilẹ̀kùn bá ń há, ẹ má sọ pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, nígbà tí ọmọ yín ṣì wà níta.