Oorun Kọ Ìyá Bólúwadúró

Láti ìgbà ọyẹ́ ni oorun ti kọ Àyọ̀ká.

Ó wọ ilé ìwòsàn Ògbóòró, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Ojú rẹ̀ pupa bí epo.

“Ìyá Bólúwadúró, ṣé ẹ ti jáwọ́ nínú obì?” ni Nọ́ọ̀sì Florence bi í.

“Mo ti jáwọ́.”

“Ṣé ẹ̀ ń lọ sóko kó lè rẹ̀ yín?”

“Mi ò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Orí mi fẹ́ dàrú.”

“Bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tẹ́ ẹní yín, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀.”

“Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀.”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn yín?”

“Rárá.”

Àyọ̀ká ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ńṣì.

“Ìgbà ọyẹ́ ni Bólúwadúró kú. Àwọn ẹbí ọkọ mi ló lọ sin ín. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí.

“Ṣùgbọ́n wọn ò pẹ́ rárá kí wọ́n tó padà wọlé.

“Nọ́ọ̀sì, ibo ni kí n fẹ̀yìn lé, tí mi ò ní dùbúlẹ̀ lé ọmọ mi lórí?”