Ata Màámi ní Kraków

Kò sí ahọ́n tó lókìkí tó tèmi ní gbogbo ìlú Kraków, nílẹ̀ Poland. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń fi ahọ́n mi jẹun lójoojúmọ́. Wọ́n á jókòó sílé wọn, èmi á máa rìn kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ tín-ín-tín lójú àti lẹ́nu mi. Ohun tí mo bá wò ni wọ́n ń rí, ohun tí mo bá jẹ ló ń dùn lẹ́nu wọn. Lónìí, màámi wà lára wọn láti Ṣakí.

"Ẹ wo ilé ìjọsìn yìí," mo ní. "Òṣùpá gan-an máa ń gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó kọjá lórí ẹ̀!"

Èmi àti ẹyẹlé nìkan la wà ní gbàgede iwájú ẹ̀. Mo gba pierogi lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń ta oúnjẹ, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n di ọ̀dùnkún sínú ẹ̀. Mo bù ú jẹ.

"Àlàmú, oúnjẹ yìí tẹ́," màámi ní létí mi. "Ata dà?"

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ò gba ata láyè. Mo gbójú sókè kó má baà rí ohun tí mò ń ṣe, mo yọ ike ata tí màámi fún mi lápò, mo wọ́n ata sí i dáadáa, mo sì jẹ ẹ́.

"Omi o! Wèrè ni bọ̀bọ́ yìí!" Àwọn oníbàárà figbe ta. Mo rẹ́rìn-ín.

Màámi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ata tí mo ní kó o fi ṣe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lálejò nìyẹn? Látọdún mẹ́ta? O ní ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń bá ẹ jẹun."

"Ó ku díẹ̀ nínú ẹ̀, Màámi."

"Wò ó, kí n rí i."

Ike náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu. Mi ò gbójú kúrò lókè.

Màámi ò béèrè ike náà mọ́. "Ó dáa. Bu òmíì jẹ, rọra jẹ ẹ́. Mo ń bá ẹ jẹun."