Ògiri Tó Lanu

"Má fọwọ́ kan ògiri ọkọ mi!" ni ìyá àgbà pariwo, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ti ti ìka bọ ibi tí ògiri ti sán.

Ọmọ ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Òun ló mú ẹnjiníà wá. Inú mọ́tò ló ti bẹ̀ ẹ́ pé bó ti wù kí ògiri rí, kó ṣáà sọ pé ilé fẹ́ wó, kí ìyàwó bàbá òun lè kó jáde.

"Aláǹgbá méjì," ni ìyá wí. "Ẹ rí ògiri tó lanu, ẹ fẹ́ wọlé."

Ẹnjiníà fi òòlù kan ògiri jẹ́jẹ́. Iyanrìn dà sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé igi àjà ti ń yọ kúrò lórí ògiri.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín!"

Ọmọ ọkọ ṣẹ́jú sí i. "O mọ̀ ọ́n ṣe o," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì fìdí lé àga. "Màmá, ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ máa lọ. Èmi ò kánjú."

"Ọ̀gá, mi ò ṣeré!"

Ìyá rí i pé ẹnjiníà ti ju òòlù sílẹ̀, ó ti ń sá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa ọmọ ọkọ rẹ̀ ní kọ́là, ó wọ́ ọ jáde. Bí wọ́n ṣe dé ìta ni ògiri ya lulẹ̀.

Eruku bo gbogbo wọn. Ọmọ ọkọ ń wúkọ́, ó fẹ́ dúpẹ́.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ìyá wí. "Bàbá ẹ ló ní kí n máa tọ́jú ẹ. Èmi fúnra mi ò fẹ́ràn ẹ rí."