Ojú Ìyá Láoyè

Kí Láoyè tó rí àga jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Fọláwẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tún fídíò àtijọ́ ṣe ti kí i.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Fídíò ìṣílé ìyá yín ti mọ́ kedere. Mo ti nu gbogbo ìlà tó bà á jẹ́. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí, kí n pa ti àtijọ́ rẹ́. Òfin ò gbà ká tọ́jú méjì.”

Ògiri tàn. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ.

Láoyè wò ó títí, kò mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Àbí ogbó ti ń jí ojú ìyá òun lọ ni? Ìtìjú mú un. Ó na àtàǹpàkò.

“Ẹ dúró ná, Bàbá!” Fọláwẹ̀ sáré dé. “Ìwọ ẹ̀rọ, ìlà mélòó lo nù lójú màmá yìí?”

“Mẹ́fà, mà. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì.”

“Pélé ìyá mi!” Láoyè pariwo. “Ìlà kọ́ o, ilà ni!”

Ẹ̀rọ dá a padà. Bí pélé ṣe yọ lẹ́rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá dé. Láoyè mí kanlẹ̀.

“Orí mi ṣì pé,” ó ní.

Ẹ̀rọ wo òun náà lójú. “Èyí tó wà níwájú orí yín ńkọ́, Bàbá? Ìlà ni àbí ilà?”

“Ọjọ́ orí ni. Má fọwọ́ kàn án o.”