Gààrí Gbígbẹ Lẹ́nu Ẹni Tí Kò Jalè

Àléébù kan ṣoṣo ni Rufus Kìtán ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà tó o: kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí o bá bi í ní ọ̀nà tí kò rìn rí, yóò júwe rẹ̀ fún ọ. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n bá a wí ló tún ń pè é ní ọlọ́gbọ́n.

Tíṣà ni ní Àkúrẹ́. Nígbà tí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, dé, tí ìlú le, tí owó oṣù àwọn tíṣà di ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò láìfojú rí i, Kìtán fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di onídán. Òpùrọ́ ni idán tirẹ̀ máa ń mú. Nínú gbọ̀ngàn kan ní Arakale, yóò pe ènìyàn márùn-ún sórí ìtàgé, yóò kọ̀yìn sí wọn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì fi òrùka kan pamọ́ sára. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Kìtán yóò wá bu gààrí gbígbẹ díẹ̀ fún oníkálukú pé kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí gààrí rẹ̀ kò bá rin, òun ni òpùrọ́.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀mí kan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí wo? Ohun tí Kìtán mọ̀ kò ju pé ẹ̀rù máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu ènìyàn lọ, ó sì máa ń ṣọ́ gògóńgò wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rù ló ń rí, kò rí irọ́, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Òkìkí rẹ̀ kàn dé Oǹdó. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan sọnù níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Yéjídé, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Olè náà kò já ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i, obìnrin mẹ́ta tó ń bá Ìyá Yéjídé ṣiṣẹ́ ló sì ń lo kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Kìtán. Ó yẹ kó sọ pé eré lásán ni òun ń ṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kóòtù dúdú rẹ̀ wọ̀, ó wọ mọ́tò Oǹdó.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin méjì àkọ́kọ́ jẹ gààrí tiwọn, ó rin. Ẹnì kẹta ni Monílọ́lá, opó tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ẹ̀bùnolúwa, wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù. Ó kúnlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi nǹkan kan sẹ́nu báyìí."

Kìtán bi í pé kí ló dé, ó kàn mi orí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kìtán ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún gààrí. Omi bọ́ lójú obìnrin náà, ó bu gààrí sẹ́nu. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, gbogbo wọn sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín rẹ̀. Nígbà tó tu ú, ó gbẹ bó ṣe gbẹ nínú àpò.

Kìtán wo ojú rẹ̀. Kò rí ẹ̀rù níbẹ̀, ìbànújẹ́ ló rí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé obìnrin yìí kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò ó, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

"Òun ni," Kìtán wí.

Wọ́n lé Monílọ́lá lọ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tún gbé aṣọ fún un rán, àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ lórí oògùn ọmọ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn. Ó gbé ọmọ kúrò ní ọsibítù, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Kí òjò tó mú ilẹ̀ dáadáa, ọmọ náà kú.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Jíbọ́lá, àbúrò Ìyá Yéjídé, ni ọlọ́pàá mú pẹ̀lú ẹ̀rọ náà ní Àkúrẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jí lò. Ìyá Yéjídé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Kìtán, ó ń sunkún. Ó ní inú Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n wà nígbà náà, ààwẹ̀ aláìmumi ni Monílọ́lá ń gbà kí ọmọ rẹ̀ lè yè. Ìyàwó pásítọ̀ nìkan ló sọ fún, nítorí Bíbélì ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ má fi han ènìyàn; ìyàwó pásítọ̀ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́.

"Ààwẹ̀ ló gbẹ ẹ́ lẹ́nu, Tíṣà. Àwa la fi tipá ṣínu fún un."

Láti ọjọ́ náà ni ìró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ gààrí yẹn ti wọ Kìtán létí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń jẹun, Kìtán á dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Nínú gbọ̀ngàn, á máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò tíì bu gààrí rárá. Níjọ́ kan, ó wo àwọn márùn-ún tó dúró níwájú rẹ̀, ojú Monílọ́lá ló rí lára gbogbo wọn. Àwo gààrí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá jáde, idán parí síbẹ̀.

Ó wá Monílọ́lá lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́ rán aṣọ tó ya, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe Monílọ́lá ló jí ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà gbójú sókè.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ inú ènìyàn. Ẹ wo ojú mi. Ṣé mo ti dárí jì yín?"

Kìtán wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò dá abẹ́rẹ́ dúró. Kò rí nǹkan kan.

"Mi ò mọ̀," ló sọ.

Ọdọọdún ni Kìtán ń padà lọ bẹ̀ ẹ́. Monílọ́lá á fún un lómi mu, á béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, á sì máa bá ìránṣọ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí obìnrin náà fi kú, kò sì sọ fún Kìtán bóyá òun ti dárí jì í.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí kò bá mọ̀, kó sọ pé òun kò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Inú ènìyàn jìn, ojú kì í sì í sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ebi, ọ̀fọ̀ àti ààwẹ̀ lè gbẹ itọ́ lẹ́nu olóòótọ́ ju ti olè lọ. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn wá ìyìn fún ara yín. A lè tún ẹ̀rọ ìránṣọ rà, ṣùgbọ́n orúkọ tí a bà jẹ́ lójú agbo, ta ni yóò lọ kó gbogbo àwọn tó gbọ́ jọ padà?